Kí ni "meal" ń wá nínú "inchmeal"?

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ó fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Ó ní òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ń ka eré The Tempest ti Shakespeare, wọ́n sì dé ibi tí Caliban ti ń gbé ọ̀gá rẹ̀ ṣépè pé kí gbogbo àrùn tí oòrùn ń fà jáde nínú irà àti àbàtà já lé Prospero lórí, kí ó sì sọ ọ́ di àìsàn "by inch-meal". Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá béèrè bóyá oúnjẹ ni "meal" tí ó wà níbẹ̀. Olùkọ́ náà dáhùn pé oúnjẹ ni, pé àìsàn yóò máa jẹ ara ọkùnrin náà ní íǹṣì kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí ènìyàn ń jẹun. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan takò ó, ó ní ìyẹ̀fun ni, irú "meal" tí a rí nínú "oatmeal", pé ńṣe ni àrùn náà yóò lọ̀ ọ́ kúnná. Ó fẹ́ mọ èyí tí ó tọ́ nínú àlàyé méjèèjì, àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, kò sí ẹni tí ó kan ìdí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ súnmọ́ ọn jù. "Meal" inú "inchmeal" kì í ṣe oúnjẹ, kì í sì í ṣe ìyẹ̀fun. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ni, tí ó túmọ̀ sí ìwọ̀n tàbí àkókò tí a dá fún nǹkan, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un sì máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-àpọ́nlé. Ohun tí "inchmeal" ń sọ ni pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ní íǹṣì-íǹṣì, ní díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi tán pátápátá. Ìdí tí mo fi sọ pé ẹ súnmọ́ ọn ni pé inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí kan náà ni "meal" tí ó jẹ́ oúnjẹ ti jáde wá. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kan kọ́ ni ó bí ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù. Ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára tan rárá ni ó fara pamọ́ sábẹ́ ìkọsílẹ̀ kan ṣoṣo yìí. Èyí tí ó jẹ́ ìyẹ̀fun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pè ní "melu", tí ó ní sílébù méjì, tí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ rẹ̀ sì kúrú. Èyí tí ó jẹ́ ìwọ̀n àti àkókò ni wọ́n ń pè ní "mǣl", tí ó ní sílébù kan péré, tí fáwẹ̀lì rẹ̀ sì gùn. Ẹni tí ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 900 kò lè ṣi ọ̀kan gbọ́ fún ìkejì, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá kò ṣe lè ṣi igbá gbọ́ fún ìgbà. Nígbà tí ó yá, láàárín ọdún 1100 sí 1500, ìyẹn sáà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ti Gẹ̀ẹ́sì Agbedeméjì, fáwẹ̀lì kúkurú tí kò bá ní kọ́ńsónáǹtì tí ó pa sílébù rẹ̀ dé bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, fáwẹ̀lì tí ó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ náà sì ń já dànù. Báyìí ni "melu" ṣe gùn níwájú tí ó sì gé lẹ́yìn, títí tí òun àti "mǣl" fi di ohùn kan náà lẹ́nu. Nígbà tí ìkọsílẹ̀ wá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀nà kan ni wọ́n fi kọ méjèèjì.

Ìdí tí a fi lè sọ èyí láìṣiyèméjì ni pé àwọn èdè tí ó bá Gẹ̀ẹ́sì tan kò dà wọ́n pọ̀. Àwọn ará Jámánì ń pe ìyẹ̀fun ní "Mehl", wọ́n ń pe oúnjẹ ní "Mahl", wọ́n sì ń fi "Mal" ka iye ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Netherlands náà ní "meel" fún ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n "maal" ni wọ́n ń lò fún oúnjẹ àti fún iye ìgbà. Ìdílé kan ni "melu" àti ọ̀rọ̀ Látìn náà "molere", tí ó túmọ̀ sí kí a lọ nǹkan, àti "mola", tí í ṣe ọlọ. Látinú Látìn yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí "mill" àti "molar", eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ. Nítorí náà, ẹlẹgbẹ́ yín tọ̀nà nípa "oatmeal", àfi pé "oatmeal" àti "inchmeal" kò jọ wá láti ilé kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí àwọn ọmọ yóò fi máa dá wọn mọ̀, ẹ ní kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ tí ó ṣíwájú "meal": bí ó bá jẹ́ ohun tí a lè lọ̀, bíi àgbàdo tàbí egungun, ìyẹ̀fun ni, bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n tàbí ìpín kan lára nǹkan, "mǣl" àtijọ́ ni.

Ó wá ku "mǣl" fúnra rẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn. Ìwé àtijọ́ méjì ni mo fẹ́ kí ẹ gbé sọ́wọ́, nítorí pé ọ̀kan fi ìtumọ̀ ìwọ̀n hàn, ìkejì sì fi ti àkókò hàn, gbangba báyìí.

Èyí àkọ́kọ́ ni ewì tí wọ́n kọ nípa ogun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Maldon, ní ìpínlẹ̀ Essex, ní ọdún 991. Àwọn jagunjagun orí omi láti ilẹ̀ Àríwá Yúróòpù ti dé, wọ́n ti pa Byrhtnoth tí í ṣe olórí ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan lára àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Lára àwọn tí ó dúró ni Eadweard, ọkùnrin gíga kan, tí ó búra pé òun kò ní sá "fotmæl landes" nígbà tí ọ̀gá òun ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀. "Fot" ni ẹsẹ̀, "landes" sì ni ti ilẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé òun kò ní fi ilẹ̀ tí ó tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan péré sílẹ̀ fún ọ̀tá. Ẹ kò lè túmọ̀ "mæl" yẹn sí oúnjẹ, ẹ kò sì lè túmọ̀ rẹ̀ sí ìyẹ̀fun. Ìwọ̀n ni, láìsí àní-àní, ó sì so mọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí "meal" ṣe so mọ́ ẹ̀yìn íǹṣì nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ béèrè.

Èkejì ni Beowulf, tí ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 1000, wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn tí Beowulf ti ṣẹ́gun Grendel, tí wọ́n sì ti tún gbọ̀ngàn ọba ṣe, akéwì náà sọ pé "þa wæs sæl ond mæl", ìyẹn ni pé àkókò wá tó, wákàtí pé, kí ọba lọ sí gbọ̀ngàn. Kí ni ọba fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ìlà tí ó tẹ̀ lé e ni ó sọ ọ́: ó fẹ́ jókòó sídìí àsè. Nínú gbólóhùn kékeré yìí, "mæl" ṣì jẹ́ àkókò tí a dá, kò tíì di oúnjẹ, ṣùgbọ́n oúnjẹ ti dé ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá wo ibẹ̀ dáadáa, ẹ óò rí bí ìtumọ̀ kan ṣe ń yí sí òmíràn lójú ara yín. Ìwọ̀n ni ó kọ́kọ́ wà. Ìwọ̀n àkókò tẹ̀ lé e. Àkókò tí a dá fún nǹkan dé. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé jíjẹ ni ohun tí gbogbo ilé ń dá àkókò fún lójoojúmọ́, àkókò jíjẹ gba orúkọ náà, oúnjẹ tí a jẹ ní àkókò yẹn sì jogún rẹ̀. Ní àwọn ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, wọ́n tilẹ̀ máa ń pe wàrà tí wọ́n bá fún lára màlúù lẹ́ẹ̀kan ní "meal", èyí tí ó fi hàn pé ìtumọ̀ àkókò tí a dá kò tètè kú lẹ́nu àwọn darandaran.

Àwọn ìbátan "mǣl" pọ̀ káàkiri. Ní èdè àwọn Goth, "mēl" jẹ́ àkókò tàbí wákàtí. Ní èdè àwọn ará Àríwá àtijọ́, "mál" jẹ́ ìwọ̀n, àkókò àti oúnjẹ pọ̀. Àwọn ará Jámánì ń sọ pé "einmal" àti "zweimal" bí àwa ṣe ń sọ pé lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń kí ara wọn nídìí oúnjẹ pé "Mahlzeit", tí ọ̀rọ̀ méjì tí ó kóra jọ sínú rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ àti àkókò. Bí a bá wá lọ sẹ́yìn ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, àwọn onímọ̀ orísun ọ̀rọ̀ gbà pé gbòǹgbò kan tí ó túmọ̀ sí kí a wọn nǹkan ni ó wà nísàlẹ̀, gbòǹgbò tí ó hù jáde ní Látìn gẹ́gẹ́ bí "metiri" àti "mensura", tí "measure" ti wá, tí ó sì hù ní èdè Gíríìkì gẹ́gẹ́ bí "metron", tí a ti rí mítà tí àwa náà ń lò báyìí. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá fi mítà wọn tábìlì, tí ó sì lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán lẹ́yìn rẹ̀, ìdílé ọ̀rọ̀ kan náà ni "metre" àti "meal" tí ó ń pè ní Gẹ̀ẹ́sì.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀-orúkọ ṣe di ọ̀rọ̀-àpọ́nlé? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àlàyé tí mo ti rí ti máa ń sáré kọjá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kò dà bíi Gẹ̀ẹ́sì òde òní. Ìparí ọ̀rọ̀-orúkọ máa ń yí padà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú gbólóhùn. Nígbà tí nǹkan bá ju ẹyọ kan lọ, tí a sì fẹ́ sọ pé nípasẹ̀ wọn tàbí ní ìwọ̀n wọn ni ohun kan fi ṣẹlẹ̀, ìparí tí ọ̀rọ̀ máa ń gbà ni "-um". "Mǣlum" nígbà náà jẹ́ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n tàbí ní ìgbà dé ìgbà. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀rọ̀ mìíràn ṣíwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ti dé nìyẹn, kò tún sí ohun tí wọ́n máa fi kún un.

Wọ́n sì ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. "Dropmǣlum" ni kí omi máa kán ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. "Styccemǣlum" ni ní ègé-ègé. "Hēapmǣlum" ni ní òkìtì-òkìtì, "scēafmǣlum" sì ni bí olùkórè ṣe ń di ọkà ní ìtí-ìtí. "Limmǣlum" ni ní oríkèéríkèé ara. Ẹ wo "stæpmǣlum", tí "stæp" inú rẹ̀ jẹ́ ìṣísẹ̀: ẹsẹẹsẹ ni, láìdín láìlé. Ẹ sì wo "þūsendmǣlum", tí lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ èyí tí a ń fi "th" kọ lónìí: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ohun tí yóò ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ́wọ́ jù lọ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí "-mǣlum" ń ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni àpètúnpè ń ṣe fún Yorùbá. A mú ẹsẹ̀, a pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó di ẹsẹẹsẹ. A mú ẹgbẹ̀rún, a ṣe é bẹ́ẹ̀, ó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. A mú díẹ̀, ó di díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí ó ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀wọ́ àti ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ ti mọ ohun tí "mǣlum" ń fi kún ọ̀rọ̀, kí ó tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè kankan.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ń sọ ọ́, ẹ lọ sí ìwé ìtàn ọdọọdún àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, lábẹ́ ọdún 1011. Òǹkọ̀wé náà ń dárò pé pẹ̀lú gbogbo àdéhùn àlàáfíà àti owó òde tí wọ́n san fún àwọn Denmark, àwọn ọ̀tá náà ṣì ń lọ káàkiri "flocmælum", wọ́n ń kó àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tí ìyà ń jẹ lẹ́rù, wọ́n sì ń pa wọ́n. Ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ ni wọ́n ń rìn. Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni, ó sì hàn nínú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ nílé, lójú ewu, ni "flocmælum" í ṣe, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé kan ṣà jọ láti fi túmọ̀ Látìn.

Ìparí "-um" yìí kò kú tán nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣì wà nínú "whilom", tí ó jẹ́ "hwīlum" nígbà kan, láti ara "hwīl" tí í ṣe àkókò, tí a sì ń kọ ní "while" báyìí. Nígbà mìíràn ni ó túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀, kí ó tó di nígbà kan rí, gẹ́gẹ́ bí Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, ṣe lò ó láti fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí ajagun gẹṣin sọ nínú The Canterbury Tales. Ó sì wà nínú "seldom", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ìyẹn gbà wọlé: "seldan" ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn ni wọ́n fi "hwīlum" ṣe àwòkọ́ṣe tí wọ́n fi ń pè é ní "seldum". Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí nígbà mìíràn ni ó fa èyí tí ó túmọ̀ sí ṣọ̀wọ́n mọ́ra. Irú ìfamọ́ra bẹ́ẹ̀ máa ń wu mí gidigidi, nítorí pé kò sí òfin gírámà kankan tí ó pàṣẹ rẹ̀. Etí àwọn tí ó ń sọ èdè ni ó ṣe é.

Nínú "-meal", "-um" kò rí ibi dúró sí. Ó kọ́kọ́ rọ̀ di "-en", ó di "-e", ó sì wọlẹ̀. Ní àkókò Chaucer, tí ó kú ní ọdún 1400, ohun tí ó kọ nínú ìtàn tí akọ̀wé sọ nínú ìwé rẹ̀ kan náà ni "flokmeele": àwọn ará ìlú kó ara wọn jọ lọ́jọ́ kan, wọ́n lọ bá olúwa wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fẹ́ aya. Ọ̀rọ̀ tí a bá pàdé pẹ̀lú àwọn ọ̀tá ní 1011 náà ni, àmọ́ ó ti bọ́ aṣọ ìparí rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn Normandy ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, ọ̀rọ̀ Faransé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀ yanturu, "piece" sì wà lára wọn. Ó lé "stycce" kúrò lórí àga, ó sì jogún "mele" tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a ṣe rí "piecemeal" nìyẹn: orí rẹ̀ ti ilẹ̀ Faransé wá, ìrù rẹ̀ jẹ́ ti ìbílẹ̀. Òun nìkan ni ó ṣì wọ́pọ̀ lónìí nínú gbogbo ẹbí náà, kódà nínú ìwé ìròyìn tiwa, níbi tí wọ́n ti máa ń fi ṣe àròyé pé ìjọba ń san owó àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ní ìdá-ìdá.

Nígbà tí "-um" ti lọ tán, kò sí ohun tí ó tún ń fi hàn létí pé ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí ó ń sọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro pé ọ̀rọ̀-orúkọ lásán ni, wọ́n sì ń wá atọ́kùn tí wọn yóò fi sí i níwájú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí "by" nínú èpè Caliban. Iṣẹ́ tí "-um" ti ń ṣe láti ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ ni "by" ń ṣe láti iwájú. Àṣìlóye yìí wọ inú àwọn ìwé atúmọ̀ èdè pàápàá: ìwé Webster ti ọdún 1913 to "inchmeal" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ, ó ní ègé tí gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì kan ni, kí ó tó wá to ọ̀rọ̀-àpọ́nlé tẹ̀ lé e. Èrò tèmi ni pé inú "by" yẹn nìkan ni wọ́n ti yọ ègé náà. Kò sí ègé kankan nínú ìtàn ọ̀rọ̀ náà.

Ní ti "inch", kò gba àlàyé púpọ̀. "Uncia" ni Látìn ń pe ìdá kan nínú méjìlá ohunkóhun. Gẹ̀ẹ́sì yá a lò lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́ ti pẹ́ gan-an, débi pé fáwẹ̀lì rẹ̀ yí padà pẹ̀lú ti àwọn ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀, ó di "ynce", ó sì di "inch", ìdá kan nínú méjìlá ẹsẹ̀ bàtà. Ìgbà kejì gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wá, ó di "ounce", tí ó ṣì jẹ́ ìdá kan nínú méjìlá pọ́n-ùn nínú òṣùwọ̀n tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Òfin àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1300, sọ pé hóró ọkà báálì mẹ́ta tí ó gbẹ ni ó ń ṣe íǹṣì kan. Láti ọdún 1959 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń lò ó ti fìmọ̀ ṣọ̀kan pé sẹ̀ǹtímítà 2.54 ni. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti aránṣọ wa ni wọ́n sọ íǹṣì di ọ̀rọ̀ ilé fún wa. "Inchmeal" fúnra rẹ̀ kò dàgbà tó "piecemeal": láàárín ọdún 1500 sí 1600 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìwé, lórí àpẹẹrẹ àwọn tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀.

Ó yẹ kí n padà sórí àlàyé tí ẹ ṣe fún kíláàsì, nítorí mo mọ̀ pé ó wọ àwọn ọmọ lọ́kàn. Èpè ni Caliban ń ṣẹ́, àìsàn ni ó ń pè, kò sì ṣòro láti fojú inú rí i pé àìsàn ń jẹ ara. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé kò lè dúró níbòmíràn. Nínú Cymbeline, tí ó jẹ́ ti Shakespeare kan náà, tí a sì kọ́kọ́ tẹ̀ jáde nínú ìwé ńlá ọdún 1623 tí The Tempest wà nínú rẹ̀, Posthumus bínú sí ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n parọ́ mọ́, ó ní ì bá ṣe pé ó wà níhìn-ín, òun ì bá fà á ya "limb-meal". Kò sí ẹni tí ó ń jẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sì sí ọlọ. "Limmǣlum" àtijọ́ ni, ní oríkèéríkèé. Bákan náà ni àwọn ará ìlú inú ìtàn Chaucer kò jẹ agbo tí wọ́n bá rìn. Àlàyé tí ó bá tọ́ fún "inchmeal" gbọ́dọ̀ lè gba "limb-meal", "flokmeele" àti "piecemeal" lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ohun kan náà ni ó wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Bí irú ìbéèrè yìí bá tún dìde, ẹ máa kọ́kọ́ wá àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ní ìparí kan náà, kí ẹ tó wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú lónìí. Oxford English Dictionary ya "meal" wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ àkọlé tiwọn, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ yóò gbádùn kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Kí ni ó wá pa "inchmeal" tí a kò fi gbọ́ ọ mọ́? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò dẹ́kun sísọ ohun tí ó ń sọ. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Nígbà tí "-meal" kò ní ìtumọ̀ tí ó dá dúró mọ́ létí wọn, tí oúnjẹ àti ìyẹ̀fun sì ti gba orúkọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀-orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì: "inch by inch", "drop by drop", "step by step", "limb by limb". Lọ́rọ̀ kan, wọ́n gba ọ̀nà àpètúnpè tí àwa ti ń tọ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ kọ èpè Caliban sára pátákó fún àwọn ọmọ ní Yorùbá, ẹ kọ ọ́ pé kí ó di àìsàn ní íǹṣì-íǹṣì, láti orí dé àtàǹpàkò. Ní ti àròkọ ìdánwò WAEC, ẹ ní kí wọ́n lo "piecemeal" tàbí "inch by inch", nítorí pé olùyẹ̀wò tí kò bá tíì pàdé "inchmeal" rí lè rò pé wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ kọ ni.